Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀, àti Ohun tí ó Kan Èjìgbò Nínú Rẹ̀

Bí a bá bi ọmọ Èjìgbò léèrè ibi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, Ifẹ̀ ni yóò dárúkọ láìronú. Akínjọlé, tí í ṣe Ògìyán àkọ́kọ́, ọmọ Odùduwà ni. Láti Ifẹ̀ ni ó ti jáde wá tẹ ìlú dó. Àwọn àgbà a sì máa fi kún un pé ẹbí rẹ̀ ni ẹni tí ó tẹ Ìkirè dó. Ìtàn yìí ni a gbọ́ lẹ́nu àwọn baba wa, òun náà ni àwọn olùkọ́ sì ń sọ fún ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwa tí ń sọ ọ́ ni ó ti fi ojú ara rẹ̀ wo ohun tí ilẹ̀ Ifẹ̀ pa mọ́ sínú láti ayé àwọn ọba àtijọ́. Ìdí nìyí tí àwa díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí fi lọ sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Mùsíọ́mù, tí a ṣí ní ọdún 1954 ní àgbàlá ààfin Ọọ̀ni ní Ẹnuwá. Ohun tí a rí níbẹ̀, àti ohun tí a kò rí, ni a fẹ́ ròyìn fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ọ̀nà náà kò jìn. A gba Ẹdẹ kọjá, a já sí ọ̀nà Gbọ̀ngán, a sì wọ Ifẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ilé náà kò tóbi tó bí ẹni tí ó ti gbọ́ òkìkí rẹ̀ yóò ti rò. Ẹni tí ó bá ń yára lè wò ó tán láàrin wákàtí kan. Àwa pẹ́ níbẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn orí.

Orí ni òkìkí Ifẹ̀ láàrin àwọn onímọ̀ ayé. Orí amọ̀ tí a fi iná sun wà, orí idẹ sì wà. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó wà ní Ifẹ̀ mọ́, nítorí apá kan wà ní Èkó, òmíràn sì wà ní òkè òkun, bí a ó ti sọ níwájú. Àwọn tí ó fi ọgbọ́n ayé òde òní wọn ọjọ́ orí wọn fi wọ́n sí àárin ọdún 1100 sí 1500 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn sì ti wà kí àwọn Potogí tó fojú kan etí òkun wa. Bí a ti ń ṣe iṣẹ́ idẹ náà nìyí: a ó fi ìda mọ ojú ènìyàn lé orí amọ̀, a ó tún fi amọ̀ bo ìda náà, a ó sì gbé gbogbo rẹ̀ sínú iná títí ìda yóò fi yọ́ jáde, nígbà náà ni a ó da idẹ yíyọ́ sí àyè tí ìda ti kúrò. Bí ọwọ́ asúdẹ bá ṣì, kò sí àtúnṣe, nítorí ìda tí ó fi mọ ọ́n kò sí mọ́. Bàbà tí a fi ṣe é pàápàá kì í ṣe ohun tí a ń wà ní ilẹ̀ Ifẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ni a ti gbé e wá. Ìlú tí ó lè ra irú ẹrù bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń sun dígí fún ìlẹ̀kẹ̀ ní igbó Olókun ní ayé kan náà, kì í ṣe abúlé.

Bí ènìyàn bá sún mọ́ àwọn orí náà, yóò rí i pé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n lára àwọn kan, ṣùgbọ́n ojú àwọn mìíràn dán, kò ní ìlà kankan. Ihò kéékèèké yí ẹnu àti àgbọ̀n àwọn kan ká. Àwọn kan sọ pé irùngbọ̀n ni a fi sí ihò wọ̀nyí. Àwọn mìíràn ní ìlẹ̀kẹ̀ tí ń bo ojú ọba ni. Ihò wà ní ọrùn pẹ̀lú, èyí tí ó mú kí ẹlòmíràn rò pé ara igi ni a kàn wọ́n mọ́, bí wọ́n ti ń ṣe àkó ní Ọ̀wọ̀, níbi tí a ti ń gbẹ́ ère olóògbé, tí a ń wọ̀ ọ́ láṣọ, tí a sì ń sin ín lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ẹni tí ó lè búra sí ọ̀kan nínú àlàyé wọ̀nyí.

Ọ̀wọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan wà níwájú wa lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin kan láàrin wọn dúró níwájú orí kan, ó wò ó pẹ́, ó sì bi ẹni tí ń mú wọn kiri pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni orúkọ rẹ̀?” Ọkùnrin náà fi sùúrù dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, a kò mọ̀ ọ́n mọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Ojú náà wà níbẹ̀, ó pé pérépéré, ètè, ìpéǹpéjú àti etí, bí ẹni pé yóò mí. Ẹni tí ó ni ín kò sì ní orúkọ. A kò mọ ọmọ ẹni tí í ṣe, a kò mọ iye ọdún tí ó lò lórí oyè bí ó bá ṣe ọba, a kò sì lè kí i. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí a kì í pàdé arúgbó láìbèèrè ilé baba rẹ̀, ohun ìyanu ni èyí jẹ́.

Ṣùgbọ́n méjì wà nínú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ tí orúkọ wọn kò sọnù. Ìkíní ni ìbòjú bàbà tí a ń pè ní ti Ọbàlùfọ̀n, èkejì sì ni orí amọ̀ Lájùwà. Ìtàn ààfin sọ pé ìránṣẹ́ Ọọ̀ni Aworókòlókìn ni Lájùwà í ṣe. Pé nígbà tí olúwa rẹ̀ wàjà, ó pa ikú náà mọ́, ó wọ aṣọ ọba, ó sì jókòó sí ipò rẹ̀ títí àṣírí fi tú, tí a sì pa á. Kí ló dé tí a mọ orúkọ àwọn méjì yìí, tí a kò mọ ti àwọn ìyókù? Ohun tí ó fà á kò farasin. Àwọn ìyókù wọ inú ilẹ̀ lọ, a sì gbàgbé wọn. Àwọn méjì yìí kò kúrò ní ààfin, wọ́n wà níbi tí ẹnu wà, baba ń fi wọ́n han ọmọ, ọmọ náà sì ń fi wọ́n han ọmọ tirẹ̀. A kò lè ṣàì sọ pé ó pa wá lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé orúkọ ẹni tí ó jí adé wọ̀ ni ó kù títí di òní, tí ti ọ̀pọ̀ ọba tí ó ni adé sì parẹ́.

Bí àwọn orí wọ̀nyí ti jáde láti inú ilẹ̀, àti bí àwọn kan nínú wọn ti fi ìlú sílẹ̀, ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀ ọ́n. Ní òpin ọdún 1910, ọ̀mọ̀wé Jámánì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ifẹ̀. Ó wọ igbó Olókun, ó ń walẹ̀, ó sì ń ra ohun tí ó bá rí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pè é sí ẹjọ́, a sì gba púpọ̀ nínú ẹrù náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn orí amọ̀ kan bá a dé Berlin. Ohun tí ó kọ sínú ìwé rẹ̀ burú ju ohun tí ó kó lọ. Kò gbà pé baba wa lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Àwọn ará Giriki àtijọ́ àti ìlú Atlantis, tí wọ́n ní òkun gbé mì, ni ó fi ògo náà fún. Ní ti orí idẹ Olókun tí ó gbé òkìkí rẹ̀ jáde, àwọn onímọ̀ méjì ará Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé ní 1949 pé èyí tí ó wà ní Ifẹ̀ kì í ṣe ti ìṣáájú, pé àdàkọ rẹ̀ ni. Àwọn tí ó tún yẹ̀ ẹ́ wò ní ayé wa yìí kò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán.

Ọdún 1938 ni ohun ńlá ṣẹlẹ̀. Ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin, a ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Àwọn tí ń gbẹ́ ẹ kò wá ohunkóhun ju àyè ògiri lọ; kò sì jìn sí ojú ilẹ̀ tí ọkọ́ fi kan idẹ. Kí a tó gbẹ́ ẹ tán, orí idẹ tí ó jáde lé ní 15. Irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ wá wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Kò sí òfin tí ó lágbára láti dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé dúró kí a má kó o jáde, kò sì sí ilé tí a lè kó o sí. Olóòtú ìwé ìròyìn kan ní Èkó ra ọ̀kan, ó gbé e lọ sí Lọ́ńdọ́nù, ó sì wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tí ó wà níbẹ̀ ní 1939. Ibẹ̀ ni ó wà títí di òní. Méjì mìíràn bọ́ sí ọwọ́ William Bascom, ará Amẹ́ríkà tí ó ń gbé Ifẹ̀ nígbà náà láti kọ́ ìṣe wa. Ọ̀mọ̀wé yìí dá méjèèjì padà fún Ọọ̀ni ní 1950, a sì gbọ́dọ̀ fi ìyìn èyí fún un, nítorí àwọn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tí ó jọba láti 1930 títí di 1980, ni ó pa àwọn ìyókù mọ́ ní ààfin rẹ̀. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni ọba yìí, ó sì mọ ohun tí ó dì mọ́wọ́. Ní 1948 ó jẹ́ kí a fi wọ́n han gbogbo ayé ní Lọ́ńdọ́nù, lẹ́yìn èyí wọ́n padà sílé. Ní ẹ̀gbẹ́ Ìjọba, Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tí ó ti wà ní Nàìjíríà láti 1927, ni kò dákẹ́ títí a fi yàn án ní 1943 láti máa bojú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gbogbo ilẹ̀ yìí. Òfin jáde ní 1953, ilé Ifẹ̀ sì ṣí ní ọdún kejì. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 16 ni ó wà láàrin ọkọ́ tí ó kan idẹ ní Wúnmọníjẹ̀ àti ilẹ̀kùn tí a ṣí ní Ẹnuwá.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èrè irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ó wo Ìta Yemòó. Ní 1957 àwọn tí ń tún ilẹ̀ ṣe fún ilé kíkọ́ tún bá idẹ pàdé níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí a mọ ẹni tí a ó ránṣẹ́ sí. Frank Willett dé, a dá iṣẹ́ ilé dúró, a sì walẹ̀ náà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ère ọba tí ó dúró tòun ti adé rẹ̀, àti ti ọba àti olorì tí wọ́n fi ẹsẹ̀ kọ́ ara wọn lẹ́sẹ̀, wà nínú ohun tí ó jáde, kò sì sí ẹni tí ó rí wọn rà. Ibẹ̀ ni a tún ti rí ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́, tí a tò ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ bí ẹni hun ẹní. Ìtàn Ifẹ̀ ní Ọọ̀ni Lúwòó, obìnrin tí ó jọba, ni ó pàṣẹ pé kí a máa tẹ́ ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kí ẹrẹ̀ má bàa bá òun lẹ́sẹ̀.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ògiri àti kọ́kọ́rọ́ parí gbogbo ọ̀rọ̀. Láàrin 1993 sí 1994 àwọn olè fọ́ ilé Ifẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n sì kó ère lọ. Orí idẹ Ifẹ̀ kan tí a jí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jọ́ọ̀sì ní 1987 tún fojú hàn ní Yúróòpù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Abidjan, ìlú tí àwọn ọmọ Èjìgbò pọ̀ sí bí ẹni pé ilé ni, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó ti wà láti 1942 ni a kó nígbà ìjà ìdìbò ní 2011. Síbẹ̀ ìyàtọ̀ kan wà. Ohun tí a ti ya àwòrán rẹ̀, tí a sì ti kọ ọ́ sínú ìwé, bí ó bá tilẹ̀ lọ sí òpin ayé, a lè nawọ́ sí i pé tiwa ni. Ohun tí a kò kọ, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá yí ojú sí Èjìgbò. Ní Ifẹ̀ ojú wà láìsí orúkọ. Ní Èjìgbò orúkọ wà láìsí ojú. Kò sí orí idẹ Akínjọlé tí ẹnì kan lè fi hàn wá, ṣùgbọ́n kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n. A mọ̀ pé iyán ni oúnjẹ Ògìyán, orúkọ rẹ̀ pàápàá sì ń sọ ọ́. Títí di òní, nígbà ọdún rẹ̀, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Òṣòlò àti àwọn ará Òkè Màpó a máa jáde pàdé ara wọn pẹ̀lú àtòrì, wọn a sì na ara wọn láìbínú. Àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú gba òkun kọjá mú orúkọ yìí lọ́wọ́ nígbà tí wọn kò lè mú ohun mìíràn: ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, a ń pe Ògìyán ní Oxaguiã, a ń pè é ní ọba Èjìgbò, a sì ń gún iṣu fún un nínú ọdún rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe é kò fojú rí Èjìgbò rí. Àwa tí a jẹ́ onígbàgbọ́ kì í bá wọn sìn ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọ ìtàn kò gbọdọ̀ dijú sí i pé orúkọ ìlú rẹ̀ la òkun já, ó sì wà láàyè ní òdìkejì.

Nítorí náà kì í ṣe àìní ni ó ń bẹ ní Èjìgbò, bí kò ṣe pé ẹnu nìkan ni àpótí tí a kó gbogbo rẹ̀ sí. Ẹnu sì ń kú. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni a bí sí Abidjan àti àwọn ìlú tí ó yí i ká, èdè Faransé sì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu ju ìtàn agbo ilé lọ. Nígbà tí wọ́n bá dé fún ọdún tàbí ìsìnkú, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń lò. Ní ọ̀nà kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn ohun tí ó wà nínú ilé ń jáde lọ. Ní ìgbà àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́, a sun ère púpọ̀, a sì fi òmíràn fún àwọn òyìnbó oníwàásù, tí wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ wọn. A kò dá àwọn baba náà lẹ́bi; ohun tí wọ́n ń sá fún yé wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn wọn ni àwọn oníṣòwò dé, tí kì í ṣe nítorí ìgbàgbọ́ ni wọ́n ṣe ń gba ère lọ́wọ́ ènìyàn.

Ère ìbejì ni wọ́n kó jù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó wà ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Àwọn tí ń kó wọn jọ níbẹ̀ a máa fi orúkọ ìlú pín wọn nítorí ọwọ́ àwọn agbẹ́gi yàtọ̀ síra, orúkọ Èjìgbò sì wà nínú àwọn tí wọ́n ń kọ. Ìyẹn ni pé a rí ojú, a sì rí orúkọ ìlú, ṣùgbọ́n ta ni ọmọ? Ẹni tí kì í ṣe Yorùbá yóò ní Táyé ni tàbí Kẹ́hìndé, bí ẹni pé ó ti parí. Táyé ilé ta ni? Ọdún wo ni ó kú? Ta ni ó gbẹ́ ère rẹ̀, ìyá wo ni ó sì gbé e pọ̀n? Ẹni tí ó lè dáhùn kò sí ní ilé ìtajà òyìnbó. Inú yàrá kan ní Èjìgbò ni ó jókòó sí, ó sì ti darúgbó.

Lẹ́yìn ìbẹ̀wò wa a tọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ, ìyá kan tí ó ti pẹ́ nínú ìjọ. Ojú kọ́kọ́ tì í láti ṣí àpótí náà, nítorí ó rò pé a wá bá a wí ni. Ó ní ẹnì kan ti wá lẹ́ẹ̀mejì láti rà wọ́n, òun kò sì mọ èyí tí òun yóò ṣe, nítorí òun kì í bọ wọ́n, òun kò sì lè jù wọ́n nù. A ní kí ó fọkàn balẹ̀, pé orúkọ ni a wá béèrè. Nígbà náà ni ó gbé wọn jáde, àwọn méjèèjì tí wọn kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, tí ojú wọn ti dán nítorí fífọ̀ àti fífi osùn pa. Ó sọ fún wa pé ìyá ọkọ òun ni ó bí wọn. Pé ọdún lùkúlùkú, èyí tí í ṣe 1918, ni àwọn méjèèjì lọ láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Pé Kẹ́hìndé ni ó kọ́kọ́ kú. Ó ka oríkì agbo ilé náà fún wa, ó sì dárúkọ agbẹ́gi àti àdúgbò rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa tí í ṣe olùkọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́, ó kọ ọjọ́ sí i, ó fi ẹ̀dà kan sínú àpótí náà lábẹ́ àwọn ère, ó sì mú èkejì wá fún ẹgbẹ́.